Ó Mọ́, Ṣùgbọ́n Kò Ṣófo

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì tó jókòó níwájú mi.

Àbúrò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àǹtí, èsì àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ tí mo ṣe ti jáde. Nọ́ọ̀sì ní ó mọ́, kò sí jẹjẹrẹ."

"Alhamdulillahi. Kí ló wá mú ojú rẹ rẹ̀wẹ̀sì báyìí?"

"Ó ní ó mọ́, ṣùgbọ́n kò ṣófo." Ó tún un sọ, jẹ́jẹ́: "Kò ṣófo, Àǹtí. Kòkòrò kan wà níbẹ̀ tó lè fa jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú."

"Oògùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ní kò ní oògùn. Ara lè lé e lọ fúnra rẹ̀, ó sì lè má lọ. Kí n padà wá lẹ́yìn ọdún kan."

"Ọdún kan! Kí o kàn máa wò ó níran?"

Àbúrò rẹ ohùn sílẹ̀. "Ara ọkùnrin ni wọ́n ní obìnrin ti ń kó o. Bàbá àwọn ọmọ mi nìkan ni ọkùnrin tí mo mọ̀ láyé. Bí mo bá sọ fún un, á ní èmi ni mo gbé e wọlé."

A kọjá Agbówà. Ẹ̀gbọ́n wá béèrè pé, "Ṣé ó lè wà lára èèyàn kó má mọ̀?"

"Èmi náà kò mọ̀. Kò síbi tó ń dùn mí."

Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú ṣinṣin. "Ọjọ́ wo ni nọ́ọ̀sì yẹn máa ń wà ní ilé ìwòsàn, kí èmi náà lọ ṣe àyẹ̀wò?"