Ìjàlọ Tó Wá Bá Wa Pa Eku

Ọkọ̀ Iléṣà kò tíì kún ní gáréèjì Òṣogbo nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ìyá àgbẹ̀ kan tí wọ́n jókòó lẹ́yìn mi.

“Màmá, ìbò ò lè lé àwọn olóṣèlú yìí lọ. Àfi kí sójà òkèèrè wá bá wa kó wọn kúrò.”

“Àwọn sójà náà mọ̀ wá ni?”

“Kò dìgbà tí wọ́n bá mọ̀ wá, mà. Wọ́n ṣáà ní ìbọn.”

“Ọkọ mi náà gbọ́n báyìí rí. Eku ń dà wá láàmú nílé wa l'Ẹ́sà-Òkè. Lọ́jọ́ tí ìjàlọ ya wọlé, mo fẹ́ da eérú gbígbóná sí wọn lọ́nà, ó ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á bá wa pa eku. Ni gbogbo wa bá sá síta. Wọ́n pa eku lóòótọ́. Ìgbà tá a padà wọlé, ìyẹ́ nìkan la bá níbi tí adìyẹ mi ti ń sàba. Níbo ni ìyá ẹ ń gbé?”

“Igbona ni, mà.”

“Sọ fún un kó tètè dìde lórí ẹyin ẹ̀, kí àwọn àlejò ẹ tó dé.”