Irọ́ Tí Wọ́n Pa Mọ́ Ọmọ Eléèédú

Ọ̀rọ̀ tí Ọláṣùmbọ̀ gbé lọ sí Ìgàndò lọ́jọ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ lórí ìdúró. Síbẹ̀, nígbà tí ìyá tó ń ta èédú fa àga onírọ́bà fún un níwájú ìsọ̀, kò jókòó. Ó ní, "Màmá, tí mo bá fi jókòó, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wí i báyìí. Ó ti pẹ́ jù nínú mi. Lónìí ni òótọ́ máa jáde, bó bá tiẹ̀ máa fà mí ya."

Ìyá náà ṣíjú wò ó. Kò tètè dá a mọ̀. Nígbà tó yá ni ojú rẹ̀ tú ká. "Áà, ìwọ ni! Ọmọ dáadáa tó wà ní ilé ìtajà yẹn. Ìwọ tó bá mi sunkún."

Gbólóhùn yẹn gún Ọláṣùmbọ̀ láyà ju èébú lọ.

Ẹ̀gbẹ́dá ni ilé ìtajà tí ìyá ń wí wà, sùpámákẹ́ẹ̀tì alájà méjì tí ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Charles dá sílẹ̀. Ọláṣùmbọ̀ ló ń bójú tó yàrá ẹrù níbẹ̀. Olùkọ́ àwọn ọmọdé ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì sí kọ́kọ́rọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò lè fi síkàáwọ́ rẹ̀. Àdíját, ọmọ ìyá eléèédú, ló ń to ọjà sórí pẹpẹ. Bí oníbàárà bá gbàgbé agbòjò, Àdíját á sáré tẹ̀ lé e dé títì. Bí wọ́n bá fi bisikíìtì tó fọ́ lọ̀ ọ́, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi ọ̀gá. Wọ́n máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ìyẹn. Ọláṣùmbọ̀ náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún ìyá náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ebi kò pa òun, kò sì sí ẹni tó kọ́ òun lólè. Agolo mílíìkì kan tí ìdí rẹ̀ tẹ̀ wọnú ni òun kọ́kọ́ mú, òun sọ fún ara òun pé kò sẹ́ni tó máa rà á. Láti orí èyí tó tẹ̀ ni òun ti dé orí èyí tí kò tẹ̀. Táyéwò, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ló rí i. Dípò kó pariwo, ńṣe ló dá àbá: àwọn pàálí òfìfo tí wọ́n ń kó sẹ́yìn ilé ni kí Ọláṣùmbọ̀ máa fi ẹrù sí, òun Táyéwò á máa gbé e jáde bíi pé ìdọ̀tí ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí tó fi di bárakú.

"Lọ́jọ́ kan, Màmá, Àdíját gbé pàálí kan wá bá mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, 'Àǹtí Ṣùmbọ̀, ẹ wá wò ó! Wọ́n ti fẹ́ dà á nù mọ́ ìdọ̀tí. Ìpara ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́! Ọlọ́run ló yọ yín, ẹ̀yin ni wọn ì bá máa bi.' Inú ẹ̀ ń dùn pé òun ṣe mí lóore. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Táyéwò kò fẹ́ràn bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ó ní, "Tí ọmọ yẹn bá lanu pẹ́nrẹ́n, ó parí fún wa nìyẹn. Ká sọ ọ́ di olè kó tó sọ wá di olè, jàre."

"Mo lè sọ pé rárá," ni Ọláṣùmbọ̀ wí. "Ẹnu mi ò dí. Ohun tí mo sọ ni pé, 'Báwo la ṣe máa ṣe é?'"

Táyéwò ló mú ìpara méjì wá; ọwọ́ Ọláṣùmbọ̀ ló tì wọ́n bọ inú báàgì Àdíját, sábẹ́ hìjáàbù tí ọmọ náà fi ń kírun. Ó rántí pé òun tún hìjáàbù náà ká dáadáa, bí ìgbà tí ìyá bá ń ká aṣọ ọmọ. Nígbà tí wọ́n ń yẹ báàgì àwọn òṣìṣẹ́ wò kí wọ́n tó relé, Táyéwò fa ìpara náà yọ, ó sì fi igbe ta.

"Àdíját ò wo ọ̀gá, kò wo Táyéwò. Èmi ló yíjú sí. Ó ní, 'Àǹtí Ṣùmbọ̀, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹ sọ fún wọn nípa pàálí ọjọ́sí.' Mo wò ó lójú kòrókòró, mo ní, 'Pàálí wo?'"

Ọ̀gá Charles ní kí Àdíját di ìpara náà mú síwájú àyà, kó sọ fún aráyé pé olè ni òun, kí wọ́n yà á sí fídíò. Fóònù Ọláṣùmbọ̀ ni wọ́n lò. Ohùn ọmọ náà kò jáde. Ọláṣùmbọ̀ tó ń fi òfin Ọlọ́run kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló sọ fún un pé, "Gbé ohùn sókè."

Ọ̀rá tí ìyá eléèédú ń di èédú sí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu ọ̀rá náà là sílẹ̀.

"Èyí tó burú jù ló kù, Màmá. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ wá. Ẹ ò lọ bá ọ̀gá. Èmi lẹ wá bá. Ẹ ní Àdíját ló ní kí ẹ bi Àǹtí Ṣùmbọ̀, pé ẹ̀rù ọ̀gá ló bà mí lánàá, pé tí ó bá ku èmi àti ẹ̀yin, mo máa sọ òótọ́ fún yín." Ohùn rẹ̀ já. "Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe fún un, ó ṣì gbà pé mo máa sọ òótọ́! Mo fún yín lómi tútù. Mo gbé ọwọ́ lé yín léjìká, mo sunkún. Mo ní, 'Màmá, ojú mi ló ṣe. Kì í tiẹ̀ ṣe ìgbà àkọ́kọ́.' Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́! Ta ló rán mi ní ìyẹn?"

Gbogbo àdúgbò rí fídíò náà, wọ́n sì mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Ìyá náà padà sílé lọ́jọ́ náà, ó da ẹrù Àdíját síta, ó ní òun kò bí olè. Ọmọ náà kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú, ìyá kò ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí inú rẹ̀ wá rọ̀, tó ní kò burú, bó bá tiẹ̀ jalè, ọmọ òun náà ni, Àdíját ti lọ. Àwọn kan ní àwọn rí i láàárín àwọn tó ń ṣa ike lórí ààtàn Sòlúsì. Ìyá wá a débẹ̀, kò bá a. Àwọn kan ní ó ti kọjá sí Kútọnu. Nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́.

"Kí ló wá dé tó o fi wá lónìí?" Ohùn ìyá náà lọ sílẹ̀ gan-an.

"Bàbá àgbà kan ni. Ó wá rajà lọ́dọ̀ wa, ó lọ. Nígbà tó yá, ó padà dé láti Ìpájà nínú òjò, aṣọ ẹ̀ rin gbindin. Ó gbé ọṣẹ kan ka orí káńtà, ó ní wọn ò ṣírò ẹ̀ mọ́ ọjà òun. Mo ní, 'Bàbá, nítorí ọṣẹ kan?' Ó ní, 'Wọ́n máa ka ọjà, kò ní pé. Ọmọ tó wà ní káńtà yìí ni wọ́n máa mú. Ìyá ẹ̀ ni mò ń rò.' Màmá, láti ọjọ́ yẹn, oúnjẹ ò gba ọ̀fun mi lọ mọ́. Táyéwò ti sá lọ tipẹ́. Mo jẹ́wọ́ fún Ọ̀gá Charles. Ó lé mi, ó ní kí n má ba orúkọ ilé ìtajà òun jẹ́. Mo wá ní ẹ̀yin ló kù."

Ọláṣùmbọ̀ ń retí ìgbájú. Ó tiẹ̀ fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìyá náà dìde, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ìka tó dúdú fún èédú, ó fà á lọ sí ìsọ̀ kejì, lọ́dọ̀ Sàlàkọ́ tó ń lẹ táyà. "Sọ ọ́ fún un. Sọ fún gbogbo wọn pé ọmọ mi ò jalè."

Ọláṣùmbọ̀ sọ ọ́. Àwọn tó ń dúró de táyà gbọ́, obìnrin tó ń ta káàdì gbọ́. Sàlàkọ́ gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò wo Ọláṣùmbọ̀ rárá.

"Ìyá Àdíját," ó ní, "ṣé a ò sọ bẹ́ẹ̀ fún yín nígbà yẹn? Ọmọ tó máa ń ṣa nọ́ọ̀tì táyà mi nílẹ̀ tó máa kó o wá fún mi? Kò sẹ́ni tó gba fídíò yẹn gbọ́ ládùúgbò yìí. Ẹ̀yin nìkan ṣá ni…" Ó gbé èyí tó kù mì. Ó ti pẹ́ jù.

Ìyá náà jókòó sílẹ̀, lórí erùpẹ̀, láàárín àwọn táyà.

"Irọ́ ni tìẹ," ó ní. "Gbígbà á gbọ́ ni tèmi. Ìwọ rí èmi wá bá. Ta ni èmi náà máa lọ bá?"

Ọláṣùmbọ̀ wó lulẹ̀ síwájú rẹ̀, ó dojú bolẹ̀ pátápátá, ó ń bẹ̀ ẹ́ nítorí Ọlọ́run, nítorí Ànábì, nítorí Jésù, pé kó dárí ji òun, kó kàn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí òun lè rí ọ̀nà lọ.

"Dìde," ni ìyá náà wí. "Ẹni tó yẹ kó o bẹ̀ ò sí nílé."