Àrùn Tí Kò Sí Nínú Iṣu Eruku

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ṣì ń ka lẹ́tà mi, ẹ ti gbọ́ díẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíì. Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù lẹ́nu èmi fúnra mi, torí ó ti ń jẹ mí nínú, apá mi ò sì ká a mọ́. Èmi Jonah Olóyèdé, ọmọ ìlú Òsì, ni mo purọ́ mọ́ iṣu Eruku. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn àgbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òótọ́ ni mò ń kọ: bí òjò ṣe ń bọ̀, bí a ṣe ń tọ́jú èèbù. Ṣùgbọ́n ará ilé àti ọmọ ìjọ nìkan ló ń kà á. Mo wá wọ àwọn gúrúùpù tí àwọn àgbẹ̀ ti ń jíròrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mò ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n forúkọ sílẹ̀. Wọ́n lé mi jáde, wọ́n ní ìpolówó ni mo wá ṣe. Ọ̀rẹ́ mi Prosper, tí a jọ kàwé ní Iloffa, ní èèyàn kì í sá tẹ̀lé olùkọ́, ẹni tó bá kígbe iná ni wọ́n ń sá tẹ̀lé. Ó ní kí n fi orúkọ mìíràn wọlé, kí ẹni yẹn dá ẹ̀rù sílẹ̀, kí èmi Jonah wá ní oògùn rẹ̀ lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé kò dáa. Mo ṣe é.

Bí mo ṣe di Dókítà Adégbìtẹ́ nìyẹn, ẹni tí Ọlọ́run ò dá. Prosper ní irọ́ tí kò nílùú kì í rìn jìnnà, kí n dárúkọ ìlú kan. Eruku ló wá sí mi lẹ́nu, torí ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù. Ibẹ̀ ni Àtinúkẹ́, àbúrò ìyá mi, ti ń ta èèbù, ẹni tó tọ́ mi láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. Màmá Eruku ni mò ń pè wọ́n. Adégbìtẹ́ kọ ọ́ sínú àwọn gúrúùpù yẹn pé àrùn kan wà nínú èèbù Eruku tó ń pa ilẹ̀. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n gba Jonah tí wọ́n ti lé padà wọlé, ó ní ẹni tó bá fẹ́ gba oko rẹ̀ là, kó wá ka lẹ́tà òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ń ya wọlé bí èèrà. Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ o, inú mi dùn.

Màmá pè mí. Wọ́n ní, “Jonah, mo ti yẹ èèbù mi wò, mi ò rí nǹkan kan lára rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?” Ibẹ̀ ni ǹ bá ti dúró. Mo ní, “Òótọ́ ni, Màmá. Kì í hàn síta.” Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n súre fún mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó gbogbo èèbù wọn jọ, wọ́n dáná sun ún. Wọ́n tún lọ ń bá àwọn obìnrin ìjọ wọn nílé-nílé, pé ọmọ àwọn ló kọ ọ́. Àwọn náà sun tiwọn. Ìgbà ìgbìn kọjá lórí ilẹ̀ wọn, ebè kan ò sí níbẹ̀.

Nígbà tí òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kan wá yẹ iṣu wò, tó ní kò sí àrùn, ẹ̀rù bà mí. Mo sọ fún Prosper, ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ó kó ọ̀rọ̀ tí èmi àti òun ti kọ síra wa lórí fóònù sínú àwọn gúrúùpù yẹn, ó yọ tirẹ̀ kúrò. Ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Jonah ṣe tan àgbẹ̀, kó forúkọ sílẹ̀ fún lẹ́tà tòun. Ọ̀pọ̀ yín bá a lọ. Mo ń sunkún pé ó dà mí, àfi bí ẹni pé èmi ò da ẹnìkankan.

Mo lọ sí Eruku, mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Màmá. Mo fẹ́ kí wọ́n gbá mi létí. Wọ́n gbé àga wá, wọ́n gbé omi wá. “Ẹ dìde, sà,” ni wọ́n wí. “Ẹ jókòó. Ojú mi ni àwọn obìnrin yẹn wò tí wọ́n fi sun èèbù wọn. Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ fún wọn?” Obìnrin tó fi ẹnu fa ikun imú mi ló ń pè mí ní ẹ, bí ẹni ń kí àlejò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá òǹkàwé, tí ẹ bá wọ àárín àwọn tó finú tán ara wọn, ẹ má fi ìgbẹ́kẹ̀lé wọn ṣe àkàbà. Ẹ̀yin obìnrin Eruku, iṣu yín ò lárùn, èmi ni mo lárùn. Ẹ foríjì mí. Ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ Màmá, kó bá mi bẹ̀ wọ́n. Mi ò ní kí wọ́n dárí jì mí lónìí. Kí wọ́n ṣáà bú mi, bí a ṣe ń bú ọmọ ẹni.