Páìpù Tí Mo Ní Kí Wọ́n Fà Yọ

Alága wa, Bàbá Theophilus Ikúbọlájẹ́, tí ẹ ti ń darí ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn yìí láti ìgbà tí irun yín ṣì dúdú, mo kí yín. Àlùfáà wa láti Bódìjà, àti Ààfáà wa tó ṣe àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, mo forí balẹ̀. Ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ẹ ń fọ aṣọ tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ wa, ẹ̀yin ọlọ́dẹ ẹnu géètì, mo rí yín, n kò fo ẹnikẹ́ni. Ọkọ mi, Bàbá Tẹjúmọ́lá, tí ẹ wá dé fìlà tí mo ní kí ẹ má dé, mo rí ẹ̀yin náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru.

Fún ẹ̀yin àlejò tí ẹ kò mọ̀ mí, Oyèbọ́lá Ògúnsànyà ni orúkọ mi. Èmi ni nọ́ọ̀sì tó ń kun èèyàn lóorun kí dókítà tó fi abẹ kàn wọ́n. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe é níbí ní Ring Road, òní yìí ni mo pé ọgọ́ta ọdún, òní yìí náà ni ìjọba ilé ìwòsàn ní kí n máa lọ sinmi. Mo ti ra ilẹ̀ kékeré kan sí Mọníyà. Ẹ̀fọ́ ni mo fẹ́ máa gbìn níbẹ̀.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. N kò ní jalè lọ́jọ́ ìkẹyìn. Dókítà Oyèṣọlá, ẹ ṣé o. Ọdún méjìlélógún ni ẹ fi ń kọ orin ìsìn bí ẹ bá ti mú abẹ, ohùn yín kò sì bá dùùrù kankan mu rí. Mo mọ̀ pé aláìsàn ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun ti sùn. Ṣùgbọ́n ẹ kò pariwo mọ́ mi rí, kódà lọ́jọ́ tí iná lọ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fọ aṣọ wa, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni, mélòó nínú àwọn tí a là ni ìbá gbé ẹsẹ̀ wọn jáde? Orúkọ yín kò sí lára ògiri, ó wà lọ́kàn mi. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.

Ó wá ku ẹnìkan. Ọpẹ́ tirẹ̀ kò lè dá lọ, ẹ̀bẹ̀ ló máa bá a rìn.

Gáàsì tí a fi ń kun èèyàn lóorun, ẹ̀yin èèyàn mi, aláìsàn nìkan kọ́ ló ń fà á símú. Èyí tó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbòjú tí a fi bo imú aláìsàn, àti èyí tí aláìsàn bá mí síta, inú yàrá náà ló ń wà. Aláìsàn á fa tirẹ̀ fún wákàtí kan, á lọ sílé. Àwa tí a dúró tì í ńkọ́? Àwa ń fà á lónìí, à ń fà á lọ́la, ọdún ń gorí ọdún. Orí á máa fọ́ wa, a ó ní ebi ni, a ó rán wọn lọ ra búrẹ́dì àti àkàrà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wọ ọkọ̀ ní Dùgbẹ̀ pé mò ń lọ sílé ní Àpáta. Omi-Àdìó, tó ti kọjá Àpáta, ni kọ̀ńdọ́ ti jí mi. Mo fi ṣe ẹ̀rín, mo ní ọjọ́ orí ló dé. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta!

Ṣé gáàsì ò ní ibi tó máa ń gbà jáde ni? Ó ní i. Páìpù kan wà lára ẹ̀rọ wa tó gba inú ògiri lọ síta. Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé tí ẹ ra ẹ̀rọ amúlétutù fún tíátà, Alága, inú wa dùn, a jó. Mùsílíù tó wá gbé éésì náà kọ́ bi mí pé, "Mà, ṣé kí n lu ògiri?" A ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ táìlì tuntun ni, táìlì funfun tó ń dán, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Mo ní, "Lu kí ni? Ṣé ihò nìyẹn. Fa páìpù yẹn yọ, kí o ki tìrẹ bọ̀ ọ́." Ó fà á yọ. A ká páìpù gáàsì, a fi há ìṣó lẹ́yìn ẹ̀rọ, a sì ti fèrèsé pa kí atẹ́gùn tútù má bàa jáde. Ọdún mẹ́ta gbáko ló wà níbẹ̀.

Nínú ọdún mẹ́ta yẹn ni Sàídátù lóyún. Òun ló ń gbé irin iṣẹ́ fún dókítà nígbà náà, èmi sì ni olórí tíátà. Ó wá bá mi jẹ́jẹ́, ó ní kí n jẹ́ kí òun lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ojú títí òun ó fi bímọ, nítorí òórùn gáàsì náà ń rin òun. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi yìí sọ. Mo ní, "Sàídátù, mẹ́ta ni mo bí nínú gáàsì yìí, gbogbo wọn ló ń sáré kiri Àpáta. Ṣé oyún tìẹ nìkan ni wọ́n fi ẹyin ṣe ni?" Gbogbo tíátà rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí oyún náà pé oṣù mẹ́ta, ó bàjẹ́. Ọdún kejì, òmíràn tún bàjẹ́. Wọ́n ní ọwọ́ ìyáálé kan wà níbẹ̀, mo bá wọn gbà bẹ́ẹ̀, mo tiẹ̀ júwe òkè àdúrà fún un, ọmọ Mùsùlùmí!

Wọ́n wá rán Sàídátù lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ kan lórí ewu inú tíátà. Nígbà tó dé, ó gun àpótí, ó di páìpù náà mú, ó ń tọ̀ ọ́ lọ títí ó fi kan ìṣó. Ó ní, "Mà, ibo ni èyí ń lọ?" Mo ní, "Ó wà níbẹ̀." Ó ní, "Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kò lọ síbì kankan." Ìgbà yẹn ni mo tó rántí. Nígbà tí mo lóyún àwọn ọmọ mi, páìpù náà ń lọ síta. Èmi ni mo fà á yọ kí ó tó kan Sàídátù.

Ṣé gáàsì ló ba oyún rẹ̀ jẹ́? N kò mọ̀. Dókítà kankan kò lè búra sí i, oyún ń bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ìdí. Ohun tí àwọn ìwé sọ ni pé ó léwu fún aboyún láti máa fà á símú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀ mí pé kí n gbé òun kúrò, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn dá mi lójú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́; èmi wà lọ́jà o.

Sàídátù kò fẹjọ́ mi sùn. Òun fúnra rẹ̀ ló pe Mùsílíù, wọ́n lu ihò tuntun, táìlì mi mẹ́rin fọ́, orí fífọ́ wa sì dín kù lóṣù yẹn. Ó lọ sí ẹ̀ka ojú, ó bí Ikhlas níbẹ̀, òun ló sì di olórí ibẹ̀ lónìí. Láti ọjọ́ náà, n kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ń tì mí.

Ẹ dákun, ẹ tún gbọ́ èyí tó burú jù. Tiwátọ́pẹ́ tí yóò gba ipò mi ti lóyún. Ó kọ lẹ́tà pé kí n gbé òun kúrò ní tíátà títí òun ó fi bímọ, nítorí bí páìpù ṣe ń ṣiṣẹ́ tó, kì í gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni lẹ́tà náà ti wà nínú báàgì mi. Àwa méjì péré la mọ iṣẹ́ yìí níbí. Bí mo bá fọwọ́ sí i, ta ni yóò kù? Mo ń ro ẹ̀fọ́ mi ní Mọníyà.

Sàídátù, dìde kí n rí ẹ. Ẹ má dì mí mú, ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Sàídátù, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo fi ìrora rẹ ṣe ẹ̀rín. Jọ̀wọ́, dárí jì mí.

Kí lo wí? Gbé ohùn sókè, kí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ní, "Mà, ẹ dìde. Mo ti dárí jì yín tipẹ́. Ti Tiwátọ́pẹ́ ni kí ẹ ṣe."

Ẹ bá mi gbé báàgì mi wá. Ta ló ní báírò? Títí di aago mẹ́rin òní, èmi ṣì ni olórí tíátà. Ó tán. Mo ti fọwọ́ sí i. Tiwátọ́pẹ́, má sunkún, ọ̀dọ̀ Sàídátù ni kí o lọ lọ́jọ́ Ajé. Alága, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ di òfin, kí aboyún mìíràn má ṣe tún bẹ ẹnikẹ́ni mọ́, kí ẹ sì máa yẹ páìpù náà wò lóṣooṣù. Ẹ wá ẹni tuntun kíákíá. Kí ẹ tó rí i, èmi ni n ó máa wá. Bàbá Tẹjúmọ́lá, ẹ má wò mí báyẹn, ọ̀rọ̀ oyún ti kọjá lára mi, ẹ̀fọ́ kò sì ní sá lọ.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ tí a fi ń wo ẹlòmíràn sàn di àìsàn sí wa lára. Àwọn aboyún wa yóò bí wẹ́rẹ́, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá yẹ́ mi sí, ẹ ó délé ire, ẹ ó bá ayọ̀ nílé. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé púpọ̀. Ó di ọjọ́ Ajé.