Lẹ́tà Tó Ya Ọ̀wọ̀ Kó Tó Dé Ọ̀rẹ̀

Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mi ò gbọ́ ohùn yín o. Ẹ yin Olúwa! Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lè dúró níwájú yín láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá nínú ìjọ, mo kúnlẹ̀ kí yín. Púpọ̀ nínú yín ló mọ̀ mí. Ẹbùn ni mí, ọmọ Bàbá Akínbọ̀ tó ń ṣe epo ní Àjùẹ. Èmi ni tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní Kọ́mọ́ọ̀sì ní Òdìgbò kí n tó lọ sí yunifásítì padà.

Ó ti tó ọdún méjì àbọ̀ tó yẹ kí n ti jẹ́ ẹ̀rí yìí. Ojú ló ń tì mí. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rí àwọn tí mọ́tò wọn dojú dé tí wọ́n jáde láìfarapa, màá sì sọ lọ́kàn ara mi pé, kí lèmi fẹ́ wá sọ? Pé lẹ́tà admíṣọ̀n méjì ló fẹ́ pa mí? Àmọ́ Ọlọ́run mọ̀ pé wọ́n fẹ́ pa mí lóòótọ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìpínlẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró nígbà yẹn, owó epo rọ̀bì ń wọlé, ìjọba sì ń rán àwọn ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bùọ̀dá Táyọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, ló bá mi gba fọ́ọ̀mù sikọ́láṣíìpù fún másítáàsì nínú ìmọ̀ bísínẹ́ẹ̀sì. Mo kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ méjì. Ọ̀kan wà ní ìlú òyìnbó, orúkọ rẹ̀ ń dún bí agogo. Èkejì wà níbí, nínú ọ̀kan lára àwọn yunifásítì wa. Mo rò pé bí Ọlọ́run bá ṣàánú mi, ọ̀kan á gbà mí. Háà! Àwọn méjèèjì ló gbà mí, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ìjọba náà sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí n mú ọ̀kan, kí n sì wá buwọ́ lùwé ní Àkúrẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù tó ń bọ̀. Bí n kò bá dé, wọ́n á gbé àyè mi fún ẹlòmíràn.

Ẹ ó sọ pé ìyẹn kì í ṣe wàhálà. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Kò sẹ́ni tó bi mí pé èwo ni mo fẹ́. Gbogbo ayé ti mọ̀ pé òkè-òkun ni. Bùọ̀dá Táyọ̀ ti sọ fún àwọn tó wà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ yìí, ẹ má bínú sí mi, ẹ ti ra súwẹ́tà fún mi. Mo wọ̀ ọ́ wò nínú oòrùn Ọ̀rẹ̀, òógùn bò mí, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dénú mi. Ohun kan wà lọ́kàn mi tí n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, pé bóyá ti ilé yìí ló yẹ kí n lọ. N kò ní ìdí kan tí mo lè fi sọ ọ́ kó wọ ènìyàn létí. Ta ló máa ń fi òkè-òkun sílẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Bí mo bá dúró níwájú pátákó, ọkàn mi á máa lù kìkì, ṣọ́ọ̀kì á já bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo lọ sí ọsibítù, dókítà ní ara mi dá ṣáṣá. Mo wá gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé àdúrà, mo ní kí ẹ bá mi béèrè àmì. Ìyá kan rí bàálù tó gbéra. Ìyá kejì rí odò tó kún tó dínà. Àwọn méjèèjì ni mo bọ̀wọ̀ fún, n kò sì lè sọ pé ọ̀kan purọ́. Mo wá dà bí ẹni tó dúró sí oríta Ọ̀rẹ̀ yìí, tí àwọn agbèrò mọ́tò ń pè é sí Èkó, tí wọ́n ń pè é sí Bìní, tí kò mọ ibi tó ń lọ.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ sí Àjùẹ. Bàbá mi wà níbi ẹkù, níbi tí wọ́n ti ń fún epo, ó jókòó lórí àpótí, ó ń ṣa ẹyìn. Ìkálẹ̀ ni bàbá mi ń sọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe máa yé gbogbo wa. Ó wò mí títí, ó ní:

“Ẹbùn, o ti gbẹ. Kí ló ń jẹ ọ́?”

Mo rò fún un. Kò dáwọ́ ẹyìn ṣíṣa dúró. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí, kí ni ọ̀kan mọ̀ tí èkejì kò mọ̀?”

Mo ní, “Bàbá, mi ò mọ̀.”

“O ò mọ̀? Kí lo wá fẹ́ mọ̀ lọ́dọ̀ wọn?”

Ẹ̀yin ará, bàbá mi ló wá ń kọ́ mi. Èmi tíṣà! Ó ní, “Ẹni tó fẹ́ ra àdá á fọwọ́ tọ́ ojú rẹ̀ wò. Orúkọ alágbẹ̀dẹ nìkan lo gbé dání.”

Mo wò yí ká ibi ẹkù yẹn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ibẹ̀ máa ń kún fún ènìyàn. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti lọ sí Èkó, àwọn kan ti lọ sí Wàrì láti wá iṣẹ́ epo rọ̀bì. Ẹyìn ń jẹrà nídìí ọ̀pẹ. Àwọn tó ń wá ra epo láti ìgboro ló ń dá iye tí wọ́n máa san, torí olúkúlùkù ló ń dá ta tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti là lójú mi. Mo fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn kékeré ṣe lè para pọ̀ tajà, kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn má bàa kú. Ohun tó mú mi ka Kọ́mọ́ọ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ti gbàgbé.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo sọ ọ́ fún Pásítọ̀ wa. Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lẹ́kun, màá sọ ọ́. Wọ́n ní, “Sísítà Ẹbùn, má béèrè àmì mọ́. Béèrè ọgbọ́n.” Wọ́n bá mi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹta, bí mo ṣe dìde lórí eékún, mo mú bébà, mo kọ lẹ́tà kan náà sí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi wọ́n: kí lẹ lè kọ́ mi tó máa wúlò fún àwọn tó ń fún epo ní abúlé bíi Àjùẹ?

Ti ilé yìí tètè dáhùn. Lẹ́tà kúkúrú ni. Wọ́n dárúkọ olùkọ́ wọn kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí bí àgbẹ̀ ṣe ń ta irè oko, wọ́n ní ó máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ abúlé. Inú mi dùn. Àmọ́ ti òkè-òkun kò dé. Ọ̀sẹ̀ kan lọ, ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Lójoojúmọ́ ni mo ń lọ wo àpótí lẹ́tà ìjọ. Òfìfo ni. Mo sì ń rò ó pé àwọn tó lórúkọ tó báyẹn, ìdáhùn tiwọn á ju èyí lọ.

Ó ku ọjọ́ méjì kí àkókò pé ni Bùọ̀dá Táyọ̀ wá bá mi nílé. Ó ní, “Bí o bá kọ òkè-òkun, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Ojú wo ni kí n fi wo àwọn èèyàn?”

Mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Mo ṣubú. Mo fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ òkè-òkun sínú fọ́ọ̀mù náà. Kì í ṣe pé Ọlọ́run sọ fún mi o. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ẹ. Ẹ̀rù ènìyàn ló bà mí. Bó ṣe di pé ẹ̀rù ènìyàn tún gba àyè Ọlọ́run lọ́kàn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbààwẹ̀ tán nìyẹn. Ẹ fi mí kọ́gbọ́n.

Ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀, mo gbé báàgì mi, mo yà síbí kí Pásítọ̀ gbàdúrà fún mi kí n tó wọ mọ́tò Àkúrẹ́. Wọ́n gbàdúrà. A ṣàmín. Bí a ṣe lajú, bàbá àgbàlagbà kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà lórí, áńfílọ́ọ̀pù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ní ń jẹ́ Ẹbùn Akínbọ̀ níbí?”

Mo ní, “Èmi ni, sà.”

Bàbá náà ní Ọ̀wọ̀ ni òun ti ń bọ̀. Ẹni tó kọ àdírẹ́ẹ̀sì náà, ìkọ̀wé rẹ̀ wọ́, Ọ̀rẹ̀ tó kọ jọ Ọ̀wọ̀ lójú ẹni tó ń pín lẹ́tà. Nọ́ńbà àpótí ìjọ wa sì bá nọ́ńbà àpótí tirẹ̀ mu. Lẹ́tà mi ti wà nílé rẹ̀ láti bí ọjọ́ mẹ́fà. Ó fẹ́ dá a padà sí ilé ìfìwéránṣẹ́, àmọ́ ọmọ rẹ̀ bímọ sí Èkó, ó ń lọ kí i, ó mọ̀ pé mọ́tò á dúró jẹun ní Ọ̀rẹ̀, bí mọ́tò gbogbo ṣe máa ń dúró. Ó ní òun ní kí òun wá ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nínú àdírẹ́ẹ̀sì náà kàn kí wọ́n tó jẹun tán. Ó fún mi ní lẹ́tà, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó jẹ́ ìròyìn ayọ̀, ó sì lọ. N kò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ẹ bá mi súre fún un níbikíbi tó bá wà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan nílé-ẹ̀kọ́ òkè-òkun yẹn ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ojú ewé méjì. Ó ní ìbéèrè mi dùn mọ́ òun, òun sì fẹ́ sọ òtítọ́. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn dára fún ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní báǹkì ńlá tàbí ní ilé-iṣẹ́ ńlá. Ó ní kò sí ẹnì kan láàárín àwọn tó ti dé abúlé tí wọ́n ti ń fún epo rí. Ẹni tó mọ ohun tí mo ń wá, olùkọ́ kan ni, tí òun ti ka iṣẹ́ rẹ̀. Ó dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ará, olùkọ́ tó wà nílé-ẹ̀kọ́ wa níbí náà ni! Ó ní bó bá jẹ́ òun ni, ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn lòun máa lọ jókòó sí. Bí mo bá sì tún yàn láti wá, pé tayọ̀tayọ̀ ni àwọn á gbà mí.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Òyìnbó tí kò mọ̀ mí rí! Ẹni tó yẹ kó máa fà mí mọ́ra ló ní kí n dúró nílé. Mo na lẹ́tà náà sí Pásítọ̀. Wọ́n kà á, wọ́n ká a, wọ́n ní, “Mọ́tò ń dúró dè ọ́.”

Ní Àkúrẹ́, mo ní kí akọ̀wé yá mi ní rọ́bà, mo pa ohun tí mo kọ rẹ́. Nígbà tó rí èyí tí mo kọ dípò rẹ̀, ó ní, “Áńtí, ṣé ara yín yá?” Mo rẹ́rìn-ín, mo buwọ́ lùwé. Lójú ẹsẹ̀ ni àyà mi dákẹ́. Mo jáde, mo ra ẹ̀wà àti dòdò lẹ́bàá ọ̀nà, mo jẹ ẹ́ tán, mo tún ní kí wọ́n bù sí i. Ẹni tí kò lè gbé oúnjẹ mì! Halelúyà!

N kò wá sọ pé gbogbo rẹ̀ rọrùn. Bùọ̀dá Táyọ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ohun tó lé ní ọdún kan. Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan, mo tún un ṣe. Olùkọ́ náà le bí òkúta, àmọ́ ó wá sí Àjùẹ pẹ̀lú wa, ó jókòó sórí àpótí níbi ẹkù, ó ń bi bàbá mi ní ìbéèrè, bàbá mi ń dá a lóhùn bí ọ̀gá. Lọ́dún kejì, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀, mo dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọwọ́ mi ni mo fi ń fún un ní omi mu. Bùọ̀dá Táyọ̀ bá mi níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, “Ẹbùn, ká ní o lọ, ta ni à bá pè?” A di ara wa mú.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹni tó gba àyè tí mo fi sílẹ̀ lọ sí òkè-òkun, mo gbọ́ pé ó ń ṣe dáadáa, ọ̀nà tirẹ̀ nìyẹn. Ọlọ́run kò kórìíra bàálù. Ohun tó gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí n máa gbé ayé mi fún ojú àwọn ènìyàn. Àìsàn ni ìyẹn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà ò rí i.

Mo parí lóṣù tó kọjá. Àwọn ìdílé bíi mélòó kan ní Àjùẹ ti gbà láti máa kó epo wọn jọ tà. A lè kùnà, n kò mọ̀. Àmọ́ ara mi balẹ̀ láti gbìyànjú. Bàbá mi, tí kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀, òun ló jókòó nídìí fèrèsé yẹn pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Kò tíì lè jó, àmọ́ ó lè pàtẹ́wọ́. Ẹ dìde, gbogbo ìjọ. Ẹ bá mi dá Ọba tó ń darí ẹni tó sọnù lọ́lá. Ẹ jẹ́ ká rọra kọrin ọpẹ́, kí bàbá mi lè bá wa lọ.