Mo Purọ́ Lórí Dáìsì Tó Gbé Ìlú Àbúrò Mi Mì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Mi ò jalè, mi ò gba ọkọ ọlọ́kọ. Ẹlòmíràn tilẹ̀ lè rẹ́rìn-ín, nítorí ìdí eré ni mo ti ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ṣùgbọ́n ó ti ju agbára mi lọ.

Mò ń sọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé nígbà ọdún Àjíǹde tó ń bọ̀ yìí, ẹbí ọkùnrin kan láti Obbo-Ile, tó ń ṣiṣẹ́ ní Abuja, fẹ́ wá tọrọ ọmọbìnrin kan ní Idofin. Fúnmi ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Àbúrò mi ló yẹ kó fẹ́ ẹ. Èmi ni mo fà á tí kò fi rí bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀.

Iloffa ni mò ń gbé. Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Osi ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá. Ọkọ mi ti kú, Ọlọ́run kò sì fi ọmọ ta wá lọ́rẹ. Dúrójayé, àbúrò mi, nìkan ni mo ní. Fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ ọn. Bí àìsàn náà bá dé, á ní ṣe ló dà bíi pé wọ́n ń fi ọmọ odó gún egungun òun. Nígbà tí màmá wa ń lọ, wọ́n mú ọwọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Má jẹ̀ẹ́ kó dá wà." Mo gbìyànjú. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ rántí pé mo gbìyànjú.

Àìsàn yìí ló mú un kúrò ní yunifásítì ní Ìlọrin. Kò gba ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ó kọ́ eré kan bọ̀. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin á jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan á máa pìtàn ayé kan tí kò sí níbì kankan, àwọn yòókù á mú ẹni tí wọ́n fẹ́ jẹ́ nínú ìtàn náà, wọ́n á máa sọ ohun tí onítọ̀hún ń ṣe. Bí ohun náà bá le, wọ́n á da dáìsì olójú ogún kan. Tí iye tó jáde bá pọ̀, ó ti bọ́ sí i nìyẹn. Tó bá kéré, ó ti kùnà.

Nítorí pé tíṣà Yorùbá ni mí, èmi ni wọ́n fi ṣe apìtàn. Ọ̀sán Sọ́ńdè la máa ń ṣe é, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Dúró á wà níbẹ̀, àti Fúnmi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ibùdó ìlera, àti Ọ̀gbẹ́ni Sàlámì, òṣìṣẹ́ kánsù tó yá ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Sàlámì á ti kírun rẹ̀ tán kó tó dé, á gbé ẹ̀pà bíbọ̀ dání.

Jagunmólú ni Dúró ń jẹ́ nínú eré náà. Jagunmólú kì í ṣàìsàn. Ó ń gun òkè, ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò nígbà ọyẹ́, òjò ń pa á, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ó tẹ ìlú kan dó, ó pè é ní Ìtẹ́dó. Ó gbẹ́ kànga síbẹ̀, ó pín ilẹ̀ oko fún àwọn opó, ó sọ àwọn ọmọdé ibẹ̀ lórúkọ. Mo máa ń wo ojú rẹ̀ tó bá ń sọ̀rọ̀ wọn. Ojú náà máa ń tàn. Mi ò rí i kó tàn bẹ́ẹ̀ níbòmíràn.

Ó pẹ́ tí a ti ń ṣe é. Ó wá rẹ̀ mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. Kì í ṣe eré náà nìkan. Orí àga ni mo máa ń sùn ní ọsibítù, ibẹ̀ ni màá ti lọ kọ́ àwọn ọmọ. Màá fọ aṣọ, màá se oúnjẹ tí kò ní jẹ, màá fi omi gbígbóná jó o lẹ́sẹ̀. Sọ́ńdè nìkan ni mo lè fi sùn, Dúró á sì ti to àga kí n tó bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Á ní, "Àǹtí, Ìtẹ́dó ń dúró dè yín o." Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún aláìsàn pé ohun tó ń mú inú rẹ̀ dùn ń rẹ òun? Mi ò lè sọ ọ́. Mo wá ọgbọ́n tí eré náà yóò fi parí fúnra rẹ̀.

Mo hun ọfọ̀ kan. Mo pè é ní Agbélẹ̀mì. Mo sọ fún wọn nínú ìtàn pé inú ihò àpáta ni àwọn ará ìgbà ìwáṣẹ̀ rì í mọ́, pé àwọn ọba tó gbọ́n máa ń sá fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é, ilẹ̀ yóò lanu láti orí òkè dé etí odò, yóò gbé gbogbo ogun tó wà níwájú rẹ̀ mì tẹṣin-tẹṣin. Ṣùgbọ́n bí dáìsì bá kọ̀ ọ́, ìlú ẹni tó pè é ni ilẹ̀ yóò gbé mì, tilé-tèèyàn. Bó ṣe lọ nìyí:

"Ilẹ̀ jẹun títí, ilẹ̀ kò yó. Ilẹ̀ mumi títí, òùngbẹ kò tán lọ́fun ilẹ̀. Ọba wọlẹ̀, ilẹ̀ kò dìde kí i. Ilẹ̀, lanu. Ohun tí mo nawọ́ sí, má bi mí léèrè orúkọ rẹ̀, gbé e mì."

Lẹ́yìn náà, mo kó ogun tí kò lóǹkà wá bá Ìtẹ́dó. Mi ò fi ọ̀nà kankan sílẹ̀ fún un. Mo rò pé Dúró yóò sá, kí ìlú fọ́, kí gbogbo wa sinmi.

Kò sá.

Fúnmi ní, "Jẹ́ ká kó àwọn èèyàn gba ẹ̀yìn òkè lọ."

Sàlámì ní, "Ọ̀rẹ́ mi, má fọwọ́ kan ọfọ̀ yìí o. Ẹni tó gbé e fún ọ kò fẹ́ràn rẹ." Àwàdà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Dúró ní, "Àwọn arúgbó ibẹ̀ ò lè sáré. Mo mọ bó ṣe ń rí téèyàn ò bá lè sáré." Ó dìde, ó nawọ́, ó pe ọfọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò ṣì í pè.

Èmi ni mo máa ń da dáìsì ohun tó bá wúwo bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn páálí kàlẹ́ńdà tí mo gbé dúró síwájú mi kí wọ́n má baà rí i. Mo dà á. Ogún ló jáde, iye tó ga jù lọ. Dúró ti borí. Ìtẹ́dó ti là.

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Mo ní, "Oókan ni."

Dúró bi mí, "Gbogbo wọn?"

Mo ní, "Gbogbo wọn."

"Àwọn ọmọdé ńkọ́?"

Mo ní, "Dúró, eré ni."

Ó jókòó. Ó ní, "Èmi ni mo pè é." Sàlámì gbé ẹ̀pà rẹ̀, ó lọ sílé. Fúnmi di ọwọ́ Dúró mú. Mo wọ yàrá, mo sùn fọnfọn. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìyẹn náà: oorun náà dùn.

Mo rò pé yóò gbàgbé. Kò gbàgbé. Kò to àga mọ́. Nígbà tó yá, mò ń bó iṣu lọ́jọ́ kan, ó wá jókòó tì mí, ó ní òun ti ní kí Fúnmi máa lọ.

Mo ní, "Kí ló dé?"

Ó ní, "Àǹtí, ohun tí mo bá fẹ́ fi gba èèyàn là, òun náà ló ń rì wọ́n. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó bóyá ó yẹ kí n kó ọmọ ọlọ́mọ sínú wàhálà ara mi yìí. Ọjọ́ yẹn ni mo rí ìdáhùn. Orí mi ò gbè mí."

Mo lè sọ ọ́ nígbà náà. Ogún ni, kì í ṣe oókan. Orí rẹ gbè ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Mo ní, "Eré lásán ni o, má fi sọ́kàn," mo sì ń bó iṣu mi lọ.

Fúnmi wá bá mi ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Osi. Abẹ́ igi máńgòrò ló dúró sí, ó ń sunkún. Ó ní, "Àǹtí, nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ àìsàn rẹ̀ kí n tó gbà fún un. A ti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kò ní ran ọmọ wa. Ẹ̀yin ló máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un." Mo ní màá sọ. Mi ò sọ.

Ó ti lé lọ́dún báyìí. Ẹnu ọ̀nà ni Dúró máa ń jókòó sí, á máa wo àwọn tó ń kọjá. Nígbà tí ìròyìn Fúnmi dé etí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kí ọkọ náà kẹ́ ẹ." Ó wá ní kí n bá òun wo ẹ̀bùn tó dáa tí àwa méjèèjì lè fi ránṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mo ti há rèé. Bí mo bá sọ fún un pé mo purọ́, yóò bi mí pé kí ló dé. Mi ò ní irọ́ mìíràn tí mo lè fi dá a lóhùn. Màá ní láti sọ pé ó sú mi. Láti kékeré ló ti ń bẹ̀rù pé ẹrù lòun jẹ́ fún èèyàn, èmi nìkan ló sì dá a lójú pé òun ò tíì sú. Bí mi ò bá sì sọ, Fúnmi yóò bá ọkọ lọ sí Abuja, Dúró yóò máa gbà títí ayé pé ọwọ́ òun kì í ṣe rere.

Èwo ló sàn kí aláìsàn mọ̀: pé orí òun burú, tàbí pé òun ti sú ẹ̀gbọ́n òun? Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú aláìsàn rí, ẹ̀yin ni mò ń bẹ̀ jù lọ. Ẹ dá mi lóhùn kí Àjíǹde tó dé. Ẹ kàn má ṣe ní kí n sọ fún un pé ìgbà yẹn ló rẹ̀ mí, pé ó ti kọjá. Kò tíì kọjá. Mo fẹ́ràn àbúrò mi, ó sì ṣì ń rẹ̀ mí.