Lẹ́tà Ìyàwó Mi Tí Mo Fi Pamọ́

Ìyàwó mi ò bá mi jà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn fún yín, torí òun gan-an ló ń pa mí lára. Kò kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé, kò fi ẹjọ́ mi sun ẹnikẹ́ni, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. Ó ń se oúnjẹ, ó ń gbé e síwájú mi, ó ń bi mí bóyá iyọ̀ ẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, tí mo jókòó sínú pálọ̀ wa ní Mowé, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ilé onílé ni mo wà. Ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́ abẹ tí mò ń ṣe jẹun, torí ìyẹn, bí èèyàn bá ti sùn díẹ̀, á lọ. Èyí tí mò ń wí yìí, mò ń bá a sùn, mo sì ń bá a jí.

Dókítà ni mí, dókítà náà sì ni ìyàwó mi, Fọlákẹ́. Kíláàsì kan náà la wà ní yunifásítì, ọjọ́ kan náà la sì búra gẹ́gẹ́ bíi dókítà. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó mọ̀wé jù mí lọ. Òun ló máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ fún mi lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn láíbìrì, tí màá wá ṣe bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Lásìkò háòsì jọ́ọ̀bù, ìyẹn ọdún kan tí dókítà tuntun fi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn àgbà, wọ́n ń gbé wa láti wọ́ọ̀dù kan sí òmíràn, kí kálukú lè mọ ibi tí ọkàn òun wà. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni Fọlákẹ́ ti rí tirẹ̀. Ọmọ tuntun tí gbogbo wa ti gún lápá, tí a ti gún lẹ́sẹ̀, tí a ò rí iṣan rẹ̀, Fọlákẹ́ á fa àga, á jókòó, á di ọwọ́ kékeré yẹn mú jẹ́jẹ́ bí ẹni ń kí àlejò. Kí ẹ tó mọ̀, abẹ́rẹ́ ti wọlé. Àwọn nọ́ọ̀sì àgbà á ní, "Ẹ lọ pe Dókítà Fọlákẹ́ wá." Kò sí wọ́ọ̀dù kankan tí wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni èmi mú, nítorí pé ìyá mi ní Ifọ̀ ti sọ fún gbogbo àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀ pé ọmọ òun máa di dókítà oníṣẹ́ abẹ, àti nítorí pé, kí n sòótọ́, mo fẹ́ kí wọ́n máa dìde fún mi tí mo bá wọlé.

Ẹni tó bá gboyè dókítà, ìwé rẹ̀ ò tíì tán o. Bó bá fẹ́ di àgbà nínú ẹ̀ka ìṣègùn kan, ó ní láti tún wọ ọsibítù ńlá, kó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀ka yẹn fún bí ọdún mẹ́fà, ìdánwò lórí ìdánwò. Fọlákẹ́ yege ìdánwò ìwọlé tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi fìdí rẹmi kí n tó yege. Lẹ́yìn tí a sin ìjọba tán gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀, a ṣègbéyàwó, oyún Tófúnmi, ọmọ wa àkọ́kọ́, sì tètè dé. Ní ti ẹ̀tọ́, Fọlákẹ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú sórí ìrọ̀rí, ó ní, "Ìwọ kọ́kọ́ lọ. Èmi á mójú tó ilé. Tó o bá ti rìn jìnnà díẹ̀, èmi náà á wá lọ. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Mo tilẹ̀ gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, mo fi búra.

A gba ilé sí Mowé torí ibẹ̀ lagbára wa ká. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo ti máa ń wà létí márosẹ̀, tí mò ń wá ọkọ̀ Èkó, níbi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ abẹ. Fọlákẹ́ á gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ obìnrin àdúgbò kan tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀, á sì forí lé Ìbàfò, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù àdáni kékeré kan. Ibà, ìgbẹ̀bí, àwọn tí ọkọ̀ kọlù lórí márosẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń tọ́jú. Tí àwọn aláìsàn bá dínkù lọ́sàn-án, á ṣí ìwé ìtọ́jú ọmọdé rẹ̀, á máa kà á. Ọdún mẹ́rin la lò báyìí. Ọmọ kejì dé. Mo yege ìdánwò ìpele kìíní, Fọlákẹ́ sì sọ fún mi pé ó ti kan òun. Ó kọ̀wé sí ọsibítù ńlá kan ní ìlú mìíràn pé òun fẹ́ wá kọ́ ìtọ́jú àwọn ọmọdé. Nígbà yẹn, lẹ́tà kì í tètè dé ọ̀dọ̀ wa ní Mowé, àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ mi ló wá kọ sí i. Ó fọkàn tán mi.

Ọjọ́ Ajé kan ni lẹ́tà náà dé. Akọ̀wé ẹ̀ka wa ló fún mi, orúkọ Fọlákẹ́ ló wà lára ẹ̀. Mo ya á. Wọ́n ní kó wá fún íńtáfíù ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kó kó àwọn ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dání. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé inú ẹ̀ máa dùn. Èyí tó wá ṣìkejì ló bà mí jẹ́. Mo ní, ta ló máa mú àwọn ọmọ? Ìdánwò mi ìkẹyìn ń bọ̀, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí fún mi tó bá di ti ìdánwò. Ìyẹn ni mo fi ń tan ara mi jẹ nígbà náà. Ní báyìí tí mi ò ní nǹkan kan tí mò ń bò mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rù ń bà mí ni. Mo mọ̀ pé bí Fọlákẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, kò ní fìdí rẹmi rárá, á lé mi bá, á kọjá mi, gbogbo ayé á sì wá rí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá nínú àwa méjèèjì. Mo ki lẹ́tà náà sínú ìwé iṣẹ́ abẹ ńlá kan, mo ti ìwé náà mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Mo ní màá fún un tó bá di ọjọ́ Àìkú. Ọjọ́ Àìkú dé, mo ní ó di ọ̀la.

Ojoojúmọ́ ló ń bi mí. "Ṣé wọn ò tíì kọ̀wé?" Màá ní, "Wọn ò tíì kọ̀wé." Á ní, "Bóyá lọ́la," á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, ó ní òun á lọ béèrè níbẹ̀ fúnra òun. Mo ní kó má dààmú, pé wọn kì í fẹ́ kí èèyàn wá yọ wọ́n lẹ́nu, pé ẹsẹ̀ ń dun ìyá mi ní Ifọ̀, ká lọ wò wọ́n. Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an ni mo mú. Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́. A sùn síbẹ̀ láti Ọjọ́rú. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tí wọ́n ń retí ìyàwó mi níbòmíràn, orí àpótí ló wà lágbàlá ìyá mi, ó ń bá wọn gé èékánná ẹsẹ̀, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo aago ọwọ́ mi. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, irú èèyàn wo nìyẹn?

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, ó gbọ́ pé wọ́n ti mú àwọn tí wọ́n fẹ́ mú. Ó sunkún ní kíṣìnnì. Èmi ni mo gbá a mọ́ra. Èmi náà ni mo sọ fún un pé ẹni tó bá ní èèyàn lókè ni wọ́n ń mú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gba fọ́ọ̀mù wálé, kò kọ nǹkan kan sí i. Ó ní bóyá òun ò tiẹ̀ mọ̀wé tó bí òun ṣe rò. Gbólóhùn kan péré ni ì bá tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò sọ ọ́. Mo yege ìdánwò mi, mo di kọnsọ́táǹtì, àgbà nínú iṣẹ́ abẹ. Ìyá mi pe àdúrà ìdúpẹ́ ní Ifọ̀, Fọlákẹ́ ló ń bu oúnjẹ fún àwọn èèyàn.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà tuntun kan tó ń jẹ́ Bísí, àgùnbánirọ̀, wá ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Fọlákẹ́ ní Ìbàfò. Fọlákẹ́ mú un wálé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí n lè gbà á nímọ̀ràn lórí ẹ̀ka tó yẹ kó mú. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi, ó mú bírò àti ìwé jáde. Mo sọ̀rọ̀, mo sọ̀rọ̀. Mo ní kó má wo ẹ̀ka tí orúkọ rẹ̀ ń dún, wọ́ọ̀dù tó bá wọ̀ tí kì í rántí wo aago ni kó mú. Mo ní tó bá fẹ́ lọ́kọ, kí òun àti ọkọ ti jọ fẹnu kò lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ lọ. Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́! Ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ló bá yíjú sí Fọlákẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Àwọn nọ́ọ̀sì ní kò sẹ́ni tó mọ ìtọ́jú ọmọdé bíi yín. Kí ló dé tí ẹ ò lọ kọ́ ọ?"

Fọlákẹ́ rẹ́rìn-ín. "Mo gbìyànjú ẹ̀, wọn ò pè mí. Kì í ṣe gbogbo ohun téèyàn fẹ́ràn ni ọpọlọ ẹ̀ gbé. Ọ̀gá ni kó o fetí sí, má wo tèmi." Kò sí ìbínú kankan nínú ohùn rẹ̀. Ó ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Nígbà tí Bísí lọ tán, mo sọ fún Fọlákẹ́. Mi ò gbèrò ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ń kó àwọn kọ́ọ̀pù kúrò lórí tábìlì, mo ní, "Fọlákẹ́, wọ́n pè ọ́." Kò yé e. Mo ní, "Lẹ́tà ẹ dé nígbà yẹn. Èmi ni mo fi pamọ́." Ó gbé àwọn kọ́ọ̀pù náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mò ń retí igbe, mò ń retí kó gbá mi létí, mo tiẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bi mí ni pé, "Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kí n wá?" Mo sọ fún un. Ó ṣírò ẹ̀ lọ́kàn. Ó ní, "Ọjọ́ tá a wà ní Ifọ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "O sì mọ̀ nígbà tá a ń lọ?" Mo ní mo mọ̀. Ó wọ yàrá, ó lọ ká aṣọ àwọn ọmọ.

Láti ọjọ́ yẹn, Fọlákẹ́ ò fi "o" bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Àwa tá a jọ kàwé, tó máa ń pe orúkọ mi ní gbangba, ó wá di "Ẹ káàbọ̀, sà." "Ṣé ẹ máa jẹun?" "Ẹ gbàgbé bàtà yín síta." Ìyá mi wá kí wa, wọ́n gbọ́ ọ, inú wọn dùn. Wọ́n fà mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ìyàwó ẹ ti wá mọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ọkọ báyìí o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbàdúrà ẹ̀." Mo ní àmín.

Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí. Mo mú lẹ́tà náà wálé fún un, ó kà á lórí ìdúró, ó ká a, ó ní, "Ẹ ṣé." Mo gba fọ́ọ̀mù tuntun wá, mo ní èmi ni màá mójú tó àwọn ọmọ báyìí, kó lọ. Ó tún ní, "Ẹ ṣé," ó gbé e sórí fíríìjì. Ibẹ̀ ló wà títí di òní, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin dókítà tuntun tí ẹ fẹ́ra yín, ẹ má fi ìlérí ẹnu lásán pín ọdún ayé yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn òbí yín mọ̀ sí i. Bí lẹ́tà bá sì máa wá fún yín, ọwọ́ ara yín ni kí ẹ fi gbà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Fọlákẹ́ múra láàárọ̀, ó ní òun ń rìnrìn àjò, òun á dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sọ ibi tó ń lọ. Nígbà tó dé, eruku wà lára bàtà rẹ̀, àpò ìwé ńlá kan sì yọrí nínú báàgì rẹ̀. Mo dìde kí n bá a gbà á. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu," ó sì gbé e kọjá lára mi. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ka èyí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀, àbí kí n jókòó jẹ́ẹ́ síbi tó fi mí sí?